Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ bí a bá ń fi fóònù àti kọ̀ǹpútà kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ sáyẹ́ǹsì

Láti 1896 tí wọ́n ti dá St. Andrew's College sílẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ olùkọ́ nílùú Ọ̀yọ́. Lóde òní, ó ṣòro kí ẹ tó rí akẹ́kọ̀ọ́ NCE (ìwé ẹ̀rí olùkọ́) tí kò ní fóònù tó ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí mo bá lọ wo iṣẹ́ wọn lẹ́nu TP (ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́) nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn àṣìṣe kan náà ni mo máa ń bá.

Ẹ má fi fídíò dípò ohun tí ọwọ́ tó. Mo bá ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń fi bí ẹ̀wà ṣe ń hù han àwọn ọmọ lórí fóònù. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń na ọrùn, wọn kò rí nǹkan kan. Ẹ̀wà sì kún ọjà Akẹ́sán! Òwú tútù, ike kékeré, ọjọ́ mélòó kan, ó ti hù. Kí ó fi fóònù náà ya ẹ̀wà ọ̀hún láràárọ̀, kí àwọn ọmọ lè fi tòní wé tàná. Ibẹ̀ ni fóònù ti wúlò.

Àdánwò sáyẹ́ǹsì orí kọ̀ǹpútà dára. PhET, àkójọ irú àdánwò bẹ́ẹ̀ tí Carl Wieman dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado ní 2002, ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì lè dáúnlóòdù rẹ̀ nílé kí ẹ tó jáde, torí iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró deni. Àmọ́ ẹ má kàn máa sọ pé "tẹ ibí, tẹ ọ̀hún" láìkọ́kọ́ bi akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ló rò pé yóò ṣẹlẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kó jẹ́ orí kọ̀ǹpútà nìkan ló ti tan gílóòbù rí. Níbẹ̀, wáyà kì í já, bátìrì kì í dípẹtà. Ẹni tí gílóòbù kò kọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí kò ní mọ ohun tí yóò ṣe lọ́jọ́ tó bá kọ̀ níwájú 40 ọmọ. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì, gílóòbù kékeré, wáyà: kó jà á títí yóò fi tàn ná.

Bí ẹ bá ń fi fóònù ká ẹ̀kọ́ wọn sílẹ̀, ẹ má dojú kámẹ́rà kọ olùkọ́ nìkan. Ẹ kọjú rẹ̀ sí àwọn ọmọ, kí ẹ sì má gbé ojú ọmọ ọlọ́mọ sórí WhatsApp láìgba àyè lọ́wọ́ òbí.

Èyí tó dùn mí jù ni gbígbé àlàyé ilẹ̀ òkèèrè bó ṣe wà. Ti yìnyín kò le, ojú gbogbo wa rí i pé òjò, ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́ la mọ̀. Èyí tó jọ òótọ́ ló léwu. Nínú àwòrán wọn, oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé máa ń nàró; nílẹ̀ wa, ńṣe ló sábà máa ń dùbúlẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi. Lóṣù kẹfà, ọ̀dọ́kùnrin kan ń fi fídíò òkèèrè kọ́ni pé àríwá ni òjìji máa ń kọjú sí lọ́sàn-án gangan. Ọmọ kan nawọ́ sókè: "Ọ̀gá, òjìji òpó àsíá wa, ọ̀nà Ìbàdàn ló kọrí sí." Ó ní kí ọmọ náà jókòó.

Mo ní kí gbogbo wa jáde. Lọ́yọ̀ọ́, nǹkan bí 12:45 ni oòrùn máa ń ga jù lọ, kì í ṣe 12:00. A dúró dè é, a fi kọ́ńpáàsì inú fóònù wò ó: gúúsù. Ìlú yìí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí agbedeméjì ayé, ìwọ̀n dígírì 8 péré ní àríwá rẹ̀, nítorí náà láti nǹkan bí àárín oṣù kẹrin títí dé ìparí oṣù kẹjọ, oòrùn ọ̀sán máa ń gba apá àríwá wa kọjá. Ọmọ náà jàre.

Ọ̀dọ́kùnrin náà bẹ̀ ẹ́ níwájú kíláàsì. Láti ìgbà náà, ó ń ya òjìji òpó náà lóṣooṣù, ọmọ yẹn ló sì ń bá a di kọ́ńpáàsì mú.