Epo Rosemary fún Orí Tó Ń Pá: Ohun Tí Mò Ń Sọ fún Àwọn Oníbàárà Mi

Onígbàjámọ̀ ni mí, etí mi sì máa ń tètè gbọ́ orí tó fẹ́ pá. Bí ẹ̀rọ bá wà lẹ́yìn orí, irun á máa dún ṣàṣà; bó bá gòkè dé àtàrí, ohùn rẹ̀ á rọ̀, torí irun ibẹ̀ ti tín-ín-rín. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè á dé: "Ẹ̀gbọ́n, ewé wo ni kí n fi pa á?"

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó ń ṣe yín. Bí irun bá ń sún sẹ́yìn lẹ́bàá ẹ̀bátí, tí àtàrí ń fọ́n, tí ẹ̀yìn orí kò sì yí padà, orí pípá àjogúnbá nìyẹn. Họ́mónù DHT, tí ara ń ṣe láti ara testosterone (họ́mónù ọkùnrin), ló ń mú gbòǹgbò irun kéré sí i. Bó bá ṣe pé ó ṣàdédé pá róbótó níbì kan, àìsàn mìíràn ni. Orí irú ìyẹn ni wọ́n ti dán omi àlùbọ́sà wò lọ́dún 2002. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ àjogúnbá tó ń fi àlùbọ́sà para, òórùn ló máa jẹ lérè.

Rosemary, ewé olóòórùn dídùn kan, ni mo lè fọwọ́ sí. Lọ́dún 2015, ní Iran, wọ́n fún àwọn kan tí orí wọn ń pá ní epo rẹ̀, wọ́n fún àwọn yòókù ní minoxidil 2%, oògùn ìpara tó ń mú irun hù. Ní oṣù kẹta, irun wọn kò tíì yí padà. Ní oṣù kẹfà, irun ìhà méjèèjì ti pọ̀ díẹ̀, kò sì sí èyí tó fi bẹ́ẹ̀ ju èkejì lọ. Àmọ́ ìwádìí kan ṣoṣo nìyẹn, minoxidil 5% sì lágbára ju 2% lọ. Ní ti epo peppermint, eku ni wọ́n fi dán an wò. Epo èso elégédé tí wọ́n ṣèwádìí rẹ̀ ní Kòríà, gbígbé ni wọ́n ń gbé e mì, wọn ò fi pa orí.

Ẹ má fi ojúlówó epo rosemary kan awọ láìpò ó mọ́ epo mìíràn. Ó máa ń ta. Ẹ kán ẹ̀kán 6 sínú ṣíbí ìjẹun ńlá kan epo àgbọn tàbí jojoba. Ẹ fi díẹ̀ pa inú apá, kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Bó bá yún yín tàbí tó pọ́n, ẹ fi í sílẹ̀. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, ẹ ya irun sọ́tọ̀, kí ẹ fi orí ìka (èékánná kọ́ o!) rà á sára awọ orí lálaalẹ́, kó má kan ojú.

Ẹ ya fọ́tò àtàrí lóṣooṣù, níbì kan náà, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ kan náà, kí irun gbẹ. Dígí máa ń tan ènìyàn. Bí fọ́tò oṣù kẹfà bá burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ lọ bá dókítà awọ ara kí èyí tó kù tó lọ: irun tó ṣì wà nílẹ̀ ni oògùn ń bá ṣiṣẹ́, ibi tó ti ń dán kì í sábà gbọ́ ti epo.