Ọjọ́ Ìwọ̀n Ọmọ Lábúlé Kétu, ní Ọ̀nà Tí Dókítà Morley Là ní Ìmẹ̀sí-Ilé

David Morley, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wá ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ní 1956, kò jókòó de aláìsàn. Ó gba Ìmẹ̀sí-Ilé lọ, ó ń wọn àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lóṣooṣù, àtaláìsàn àtẹni tí ara rẹ̀ le. Òṣùwọ̀n, ìwé ìdàgbàsókè ọmọ tí wọ́n ń fi àmì ìwọ̀n oṣooṣù sí, àti nọ́ọ̀sì ló fi ṣe é. Abúlé èyíkéyìí tó yí Kétu ká, ní ilẹ̀ Olómìnira Benin, lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Òṣùwọ̀n alásokọ́ tó ń gbé kílò 25, tí wọ́n pín sí gíráàmù 100, ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ so ó mọ́ igi àjà tàbí ẹ̀ka máńgòrò tí kì í mì, kí ojú rẹ̀ bá ojú ẹni tó ń kà á dọ́gba. Kí àwọn ìyá tó dé, ẹ dán an wò: ẹ so kẹ́ẹ̀gì òfìfo kọ́, ẹ yí abẹ́rẹ́ sí òdo, kí ẹ wá fi ìgò lítà kan bu omi sí i lẹ́ẹ̀marùn-ún. Kílò 5 ló gbọ́dọ̀ fi hàn. Bí kò bá fi í hàn, òṣùwọ̀n yẹn ti ń parọ́, ẹ wá òmíràn.

Lẹ́yìn náà, ẹ so ṣòkòtò ìwọ̀n kọ́ lófìfo, ẹ tún yí abẹ́rẹ́ sí òdo. Ẹ bọ́ aṣọ ọmọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀, ìyá kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ gbé e. Ọmọ tó ń ké tó ń jà á máa mi abẹ́rẹ́. Ẹ ní sùúrù kó dúró. Ẹni tó kà á á pè é sókè, ẹni tó ń kọ ọ́ á tún un pè.

Oṣù ìbí ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Kílò 8 dára fún ọmọ oṣù méje. Fún ọmọ oṣù méjìdínlógún, wàhálà ni. Àpótí 60 ló wà nísàlẹ̀ ìwé náà, ọ̀kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ orúkọ oṣù ìbí sí àpótí àkọ́kọ́ ọdún kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ àwọn oṣù yòókù tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kìíní gan-an. Bí ìyá kò bá mọ oṣù, ẹ má bínú sí i. Ẹ bi í bóyá ìgbà tí wọ́n ń kọ ebè iṣu ni, tàbí ìgbà tí àgbàdo tuntun dé, ṣáájú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àbí lẹ́yìn rẹ̀. Ààwẹ̀ lè tàn yín jẹ, nítorí ó ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá tètè dé ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ẹ bèèrè ààwẹ̀ ọdún wo.

Tó bá kan kíka ìlà tó so àwọn àmì ìwọ̀n oṣooṣù pọ̀ lórí ìwé náà, ibi tó dorí kọ ṣe pàtàkì ju ibi tó wà lọ. Ọmọ kékeré tí ìlà rẹ̀ ń gòkè ń ṣe dáadáa. Ọmọ sísanra tí ìlà rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ fún oṣù méjì ni kẹ́ ẹ bi ìyá rẹ̀ léèrè: ṣé ìgbẹ́ gbuuru ni, ṣé èéyi ni, ṣé wọ́n já a lẹ́nu ọmú nítorí oyún?

Àìsàn kan wà tí òṣùwọ̀n kì í mú. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Bí ojú ibẹ̀ bá jìn tí kò tètè kún, omi ló ń fún ọmọ ní kílò yẹn. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún tí apá òsì rẹ̀, bí ẹ bá fi téèpù yí i po ní agbedeméjì èjìká àti ìgúnpá, kò tó sẹ̀ǹtímítà 11.5.

Èyí tó ń ṣe ìgbẹ́ gbuuru: omi mímọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, kí gbogbo rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lójú ṣíbí, kó má ga. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù léwu.

Ìwé náà, ọwọ́ ìyá ni kó wà, nínú ọ̀rá, kí òjò àti eku má bà á jẹ́. Àwọn kan á ní yóò sọnù. Èyí tí ẹ tò sínú dúrọ́ọ̀ kì í bá ọmọ lọ sóko. Ọmọ tí wọ́n bá gbé kọjá bọ́dà lọ sí Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ á rí ìlà rẹ̀ kà, á sì fa tiẹ̀ kún un.