Àwo la fi kọ orúkọ wa yípo ní Kétu

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Lọ́dún tó kọjá ọ̀rẹ́ wa kan kọ̀wé nípa pọ́ńpù omi àdúgbò wa tó bàjẹ́ tá ò sì rójú owó àtúnṣe ẹ̀, òun nìkan ló fọwọ́ sí i, wọ́n pè é pé kó wá ṣàlàyé, gbogbo àwa tá à ń pàtẹ́wọ́ fún un la pa pọ́táábù wa, ìyẹn fóònù. Èmi náà pa tèmi. Ojú ń tì mí dòní.

Nígbà tá a tún fẹ́ kọ̀wé, owó ni mo kọ́kọ́ mú sọ, torí ẹnu lásán ò lè gba lọ́yà. Àwa òǹkọ̀wé 11 ń dá 2,000 sẹ́fà lóṣù bíi tọ́ńtìn, ìyẹn èésú, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń kó o, wàhálà ló máa kó o. Ìyá alákàsà la fún mú, òǹkọ̀wé ò ṣeé fowó ṣọ́ jàre.

Ìfọwọ́sí ló wá le. Òfin dígítà 2018 ti Benin wa níbí, tó ń ṣọ́ ohun téèyàn kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń bẹ níbẹ̀, a sì rántí akọ̀ròyìn Ignace Sossou tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n oṣù 18 fún lọ́dún 2019 torí ohun tó kọ sórí Twitter, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí orúkọ tòun ṣáájú. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti A ní ká má tò ó ní A-B-D o! Mo wá rántí àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, bí wọ́n bá fẹ́ fẹjọ́ sùn, wọ́n á kọ orúkọ wọn yípo kí ọ̀gá má mọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Mo da àwo dé bébà, mo fi bíírò fà á yíká. Epo tó wà létí àwo ra bébà lára, a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Tíṣà àárín wa ní iṣẹ́ ìjọba lòun ń jẹ, òun ò lè fọwọ́ sí i. Àwọn kan fẹ́ bínú, mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Òun ló tún Faransé lẹ́tà náà ṣe, ó sì ní bí wọ́n bá ti ẹnikẹ́ni mọ́lé, òun á máa lọ mú àwọn ọmọ ẹ̀ níléèwé.

Wọ́n pè wá lóòótọ́, wọ́n ní kí olórí wa wá. Àwa mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tá a fọwọ́ sí i la lọ, nọ́ńbà lọ́yà wà lápá wa ní bíírò torí wọ́n lè gba pọ́táábù. Ọkùnrin ìdí tábìlì yí bébà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní ta ló kọ́kọ́ kọ orúkọ? A dákẹ́. Ìyá alákàsà tó tẹ̀ lé wa ní, "Ọ̀gá, epo ló kọ́kọ́ débẹ̀."

Wọ́n ní ká máa lọ. Pọ́ńpù ò tíì ṣiṣẹ́, a sì ti dá 22,000 toṣù yìí.