Bí fèrèsé bá ń wọ́ lórí skríìnì yín, ẹ yẹ write-combining wò

Ẹ̀yin ará Under G, l'Ógbòmọ̀ṣọ́, tẹ́ ẹ ra dẹ́sítọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, tẹ́ ẹ fi Linux sí i, tẹ́ ẹ wá ń pariwo pé tẹ́ ẹ bá fa fèrèsé kan, skríìnì á máa tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀, ẹ má tíì lọ ra RAM o. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ lọ fi RAM kún un, ọjà ẹ̀ ló fẹ́ tà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀nà tí processor fi ń kọ nǹkan sínú mẹ́mòrì fídíò ni wàhálà wà.

Bó ṣe rí nìyí: processor kì í fi mẹ́mòrì fídíò sínú cache (mẹ́mòrì kékeré tó yá, tó wà nínú processor) bó ṣe ń ṣe RAM. Tí wọn ò bá ti sọ nǹkan kan fún un, uncached ló máa kà á sí, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan tó bá kọ á dá gba orí PCI (ọ̀nà tó so káàdì mọ́ processor) lọ, báìtì 4 péré, kó tó kan òmíì. Ọ̀kadà tó ń gbé èrò kan ṣoṣo láti Sábó dé Under G, tó tún ń padà wá gbé ẹnì kejì, òun nìyẹn. Write-combining ni Máíkírà tó dúró ní gáréèjì títí ó fi kún: processor á kó o jọ títí á fi pé báìtì 64, á wá rán gbogbo ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Lórí Pentium Pro dé Pentium III, báìtì 32 ni. Skríìnì 1024×768, báìtì 4 fún píksẹ́lì kan, 3MB ni, tẹ́ ẹ bá fẹ́ yà á nígbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 180MB nìyẹn, ẹ wá rò ó kó máa lọ ní mẹ́rin mẹ́rin.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, tó bá jẹ́ i915 (ti Intel), amdgpu (ti AMD) tàbí nouveau (ti NVIDIA) ni dríábà yín, ìyẹn ètò tó ń darí káàdì fídíò, tó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, PAT (àtẹ inú processor tó ń sọ irú mẹ́mòrì tí apá kọ̀ọ̀kan jẹ́) ni wọ́n ń lò, wọ́n ti bá yín ṣe é, ẹ lọ wá ibòmíì tó ń fa wíwọ́. Ẹ fi èyí wo PAT:

dmesg | grep -i pat

Tẹ́ ẹ bá rí WC nínú ohun tó gbé jáde, ó wà. Ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń lo vesafb (dríábà skríìnì gbogbogbòò) lórí kẹ́ẹ̀nẹ́lì (ọkàn Linux) àtijọ́ gan-an la ń bá wí.

Ó yá, ẹ tẹ lspci -v, ẹ wá ibi tó kọ VGA. Ẹ máa rí bíi "Memory at e0000000", iwájú ẹ̀ á ní prefetchable àti size=256M. Èyí tó ní prefetchable nìkan lẹ máa mú o! Èyí tó kọ non-prefetchable, ibẹ̀ ni rẹ́jísítà káàdì (ibi tí wọ́n ti ń pàṣẹ fún un) wà, tẹ́ ẹ bá fi write-combining síbẹ̀ ẹ̀rọ lè gan pa. Lẹ́yìn náà, ẹ wo MTRR, ìyẹn àkọsílẹ̀ inú processor tó ń sọ bó ṣe máa lo àdírẹ́sì mẹ́mòrì kọ̀ọ̀kan:

cat /proc/mtrr

Tí àdírẹ́sì yẹn ò bá sí níbẹ̀ pẹ̀lú write-combining, ẹ sudo su kẹ́ ẹ tó tẹ èyí, torí sudo echo kò ní ṣiṣẹ́, shell tiyín ló ń ṣí fáìlì tó wà lẹ́yìn àmì > yẹn, kì í ṣe root:

echo "base=0xe0000000 size=0x10000000 type=write-combining" > /proc/mtrr

0x10000000 ni 256MB, 0x8000000 ni 128MB. Base gbọ́dọ̀ ṣe é pín sí size láìṣẹ́kù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á kọ̀. Ẹ tọ́jú iṣẹ́ yín sí dísìkì kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ ṣá.

Tí dmesg bá ń sọ "type mismatch", BIOS ti fi write-back (irú tí wọ́n ń lò fún RAM) bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ fi disable pa èyí tó wà níbẹ̀ rẹ́, èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀, torí tó bá jẹ́ èyí tó gbé RAM dání lẹ pa, ẹ̀rọ náà á máa rákò. Ẹ fi enable_mtrr_cleanup sí ìlà kẹ́ẹ̀nẹ́lì nínú GRUB (ètò tó ń tan Linux), kẹ́ ẹ tún ẹ̀rọ tàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ kóòdù fúnra yín, tiyín ṣì kù díẹ̀. Ẹ má ka nǹkan kan láti inú mẹ́mòrì fídíò láéláé, kíkà ibẹ̀ kò ní cache, á sì tún tú ohun tí processor ti kó jọ ká. Torí náà ẹ má ṣe alpha blending (pípo àwọ̀ tuntun mọ́ èyí tó ti wà níbẹ̀) tààrà síbẹ̀, inú RAM ni kẹ́ ẹ ti yà á tán, kẹ́ ẹ wá memcpy ìlà kan lẹ́yìn òmíì, láti òsì sí ọ̀tún, láì fò síhìn-ín fò sọ́hùn-ún, apá tó yí padà nìkan. Tẹ́ ẹ bá sì ń mmap káàdì láti sysfs, resource0_wc ni kẹ́ ẹ ṣí, kì í ṣe resource0.

Tẹ́ ẹ bá tún ẹ̀rọ tàn, ohun tẹ́ ẹ echo á pòórá, ẹ kọ ọ́ sínú rc.local (fáìlì tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tàn), àmọ́ tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ káàdì, ẹ tún lspci ṣe kẹ́ ẹ tó fi sílẹ̀ níbẹ̀, àdírẹ́sì ti lè yí.