Bí A Ṣe Lè Darí Ìsìn Òwúrọ̀ Kí Gbogbo Ìjọ Lè Bá A Ṣe

Ní ọ̀pọ̀ ìjọ Áńgílíkà ní Oǹdó àti Àkúrẹ́ lónìí, ìdáhùn ìjọ ni ó ń tètè bọ́ lọ́wọ́ wa. Àlùfáà yóò wí tirẹ̀ tán, ẹgbẹ́ akọrin àti àwọn ìyá àgbà tí ó wà níwájú yóò dáhùn, àwọn ìyókù yóò sì dákẹ́ bí ẹni tí ó wá wòran. Wọ́dìn (alábòójútó ìjọ), léè-rídà (ọmọ ìjọ tí kì í ṣe àlùfáà, tí a yàn láti máa darí ìsìn) tàbí aṣáájú ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ tún èyí ṣe lè bẹ̀rẹ̀ ní ìjọ tirẹ̀, kì í sì í ṣe ohun tí ó gba owó.

Ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ìwé tí ẹ ó lò. Ìwé Àdúrà Yorùbá tí àwọn òbí wa lò tọ ipa ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1662, Ìjọ Nàìjíríà sì ti ní ìwé tirẹ̀ láti 1996. Méjèèjì ni ó dára, ṣùgbọ́n bí a bá mú ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ láti inú ọ̀kan, tí a sì mú ìdáhùn láti inú èkejì, àlejò kò ní rí ibi tí yóò dì mú, ọmọ ilé pàápàá yóò ṣìnà. Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀ ni kí a ti sọ ojú ìwé tí a ó ṣí. Ẹni tí ó ń lo fóònù kò ṣẹ̀ wá, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ ojú fóònù rẹ̀ bá bá ti ìwé mu.

Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù ni Sáàmù. Ìwé ti 1662 pín gbogbo Sáàmù 150 sí ọjọ́ 30, ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́: ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù, Sáàmù 1 sí 5 ni ti òwúrọ̀, 6 sí 8 sì ni ti ìrọ̀lẹ́, bí oṣù bá ní ọjọ́ 31, ti ọgbọ̀njọ́ ni a ó tún kà. (Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 15 ni ó máa ń dán sùúrù wò, nítorí Sáàmù 78 nìkan ni, ẹsẹ rẹ̀ sì lé ní àádọ́rin.) Ní Ọjọ́ Àìkú, èyí tí dáyósíìsì, ìyẹn agbègbè bíṣọ́ọ̀bù yín, bá yàn ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ní ibi tí a ti ń dánu dúró ní àárín. Ẹ wo Sáàmù 95 tí a sábà máa ń kọ ní Ìsìn Òwúrọ̀: “Ẹ wá, ẹ jẹ́ kí a kọrin sí Olúwa.” Níbẹ̀ ni kí gbogbo ẹnu dúró, kí a mí lẹ́ẹ̀kan, kí a tó jọ bọ́ sínú “ẹ jẹ́ kí a hó ìhó ayọ̀ sí àpáta ìgbàlà wa.” Ẹni tí ó bá sáré kọjá ibẹ̀ ti já àwọn yòókù sílẹ̀. Ẹ pín ìjọ sí ọ̀tún àti òsì, kí wọ́n máa gba ẹsẹ lọ́wọ́ ara wọn, kí wọ́n sì pàdé nínú “Ògo ni fún Baba.” Kíkà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, láìsí ohùn orin rárá, lẹ́yìn ìpàdé ọ̀dọ́, títí ìdánudúró náà yóò fi mọ́ wọn lára.

Àwọn léè-rídà kan máa ń gbàgbé pé ìdáríjì tí ó tẹ̀ lé ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ti àlùfáà nìkan ni. Bí àlùfáà kò bá sí, kí léè-rídà wà lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú ìjọ, kí ó gba Kólẹ́ẹ̀tì (àdúrà kúkúrú) ti Ọjọ́ Àìkú kọkànlélógún lẹ́yìn Mẹ́talọ́kan, èyí tí ó ń tọrọ ìdáríjì àti àlàáfíà. Ní àwọn abúlé tí àlùfáà kan ti ń bójú tó ìjọ mélòó kan, kí a kọ́ èyí dáadáa.

Ní ti orin, mi ò sí lára àwọn tí ń bẹ̀rù ìlù. Ní 1844 ni Àjàyí Crowther ti ń ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown, Ekundayo Phillips, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips tí ó ṣiṣẹ́ ní Oǹdó, sì tẹ dùùrù ní Katidírà Kírísítì ní Èkó láti 1914 títí di 1962, ó sì ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ohùn orin tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ipò ìlù nínú ìsìn ni kí a ṣọ́. Ẹ fi orin ìyìn sí àkókò ọrẹ tàbí ìdúpẹ́, níbi tí ó lè gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ má ṣe fi sí àárín ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ àti ìdáríjì, nítorí ẹni tí ó wà lórí eékún kò tíì tán ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá dé àdúrà fún àwọn aláṣẹ, ẹ má ṣe yọ ọba ìlú sílẹ̀, ìbáà ṣe Ọ̀ṣemàwé tàbí Déjì. Àwọn ọ̀dọ́ ni kí ẹ sì fún ní Ẹ̀kọ́ Kìn-ín-ní, ìyẹn Bíbélì kíkà àkọ́kọ́. Láti Ọjọ́rú ni kí òǹkàwé ti gba orí àti ẹsẹ tirẹ̀, kí ó kà á sókè nílé létí àgbà tí yóò tún ohùn rẹ̀ ṣe, nítorí àmì ohùn kò pé nínú ọ̀pọ̀ Bíbélì wa àtijọ́. Ní ọjọ́ náà gan-an, kí ó ti dìde kúrò ní ìjókòó rẹ̀ nígbà tí Sáàmù bá ku ẹsẹ méjì, kí ìjọ má baà jókòó tán kí wọ́n máa wo ẹni tí ń rìn bọ̀ láti ẹ̀yìn.