Ọjọ́ Tí Wọ́n Ṣí Géètì: Bí Mo Ṣe Wọ Ọgbà Òdòdó Mẹ́fà ní Abúlé Kan ní Kent

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, n kò wọ ẹ̀yìnkùlé òyìnbó kankan rí títí di oṣù Keje tó kọjá. Yàrá wọn ni mo mọ̀, nítorí iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe. Mo ti wẹ̀ fún wọn, mo ti fi ṣíbí bọ́ wọn lóúnjẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ń lo gbogbo ọjọ́ ìsinmi wọn sí, ojú fèrèsé ni mo ti máa ń wò ó.

Ikú Àǹtí mi ló gbé mi débẹ̀. Jẹjẹrẹ ló mú wọn, ní Peckham ní London. Nígbà tí dókítà sọ pé kò sí ohun tí oògùn lè ṣe mọ́, Àǹtí ní ilé àwọn làwọn máa kú sí, lórí ibùsùn àwọn, níbi tí fọ́tò bàbá àwọn wà lára ògiri. Nọ́ọ̀sì kan láti Marie Curie, ẹgbẹ́ aláàánú tó ń tọ́jú àwọn tó ń kú lọ, ló ń wá jókòó tì wọ́n lóru, kí èmi lè fojú ba oorun. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ibi tí owó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń wá, bí mo ṣe kan ètò tí wọ́n ń pè ní National Garden Scheme nìyẹn, níbi tí àwọn onílé ti ń ṣí ọgbà òdòdó wọn fún ará ìta láti fi kó owó jọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn rẹ̀, torí òun ló mú mi lọ́kàn jù. Ní 1859, ìyàwó William Rathbone, oníṣòwò kan ní Liverpool, ń kú lọ nínú ilé. Mary Robinson ni orúkọ nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ títí ẹ̀mí fi bọ́. Nígbà tí obìnrin náà kú tán, Rathbone bẹ nọ́ọ̀sì yìí pé kó má wulẹ̀ lọ síbòmíràn, kó máa lọ tọ́jú àwọn tálákà nínú ilé tiwọn, òun á máa san owó rẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àdúgbò ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ náà fẹjú, owó tó ń fẹ́ pọ̀ sí i, nígbà tó sì di 1926, Elsie Wagg tó wà nínú ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì yìí dá a lábàá pé kí àwọn tó ní ọgbà òdòdó dáradára ṣí i fún ará ìta, kí wọ́n gba ṣílè kan lọ́wọ́ ẹni tó bá wọlé. Ọgbà 609 ló ṣí ní 1927, ti Ọba George Karùn-ún ní Sandringham wà lára wọn. £8,191 ni wọ́n rí. Ìjọba gba iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àdúgbò sábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba, ní 1948, síbẹ̀ àwọn ológbà kò ti géètì wọn. Marie Curie, Macmillan, Hospice UK, Parkinson's UK wà lára àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tí owó náà ń lọ bá lónìí.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, orí íntánẹ́ẹ̀tì ètò náà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ postcode yín, ìyẹn kóòdù àdúgbò yín, àti ọjọ́ tí ààyè yọ, á sì kó ọgbà tó wà nítòsí jáde. Òmíràn jẹ́ ọgbà kan ṣoṣo, òmíràn jẹ́ odidi abúlé tí ilé mélòó kan jọ ṣí lọ́jọ́ kan náà. Ti abúlé ni mo yàn, torí tíkẹ́ẹ̀tì kan ni ẹ máa fi wọ gbogbo rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀: bóyá kẹ̀kẹ́ aláìsàn lè wọlé, bóyá tíì wà, bóyá wọ́n ń ta òdòdó. Kí ẹ tó jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ tún un wò, nítorí òjò tàbí àìlera onílé lè mú kí wọ́n sún un síwájú.

Ìyá Ìbejì, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ló wà wá lọ láti Thamesmead lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn. Nígbà tí a fi máa dé Kent, ọ̀nà ti há débi pé ọkọ̀ méjì kò lè yàgò fún ara wọn, fóònù tó ń júwe ọ̀nà fún wa kò sì rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́. Pátákó aláwọ̀ yẹ́lò ló mú wa débẹ̀. Ẹ má wojú fóònù, ẹ wo pátákó. Nínú pápá àgbẹ̀ kan la gbé ọkọ̀ sí. Ìyá Ìbejì kò bọ́ bàtà gogoro tó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ rì sínú kóríko lẹ́ẹ̀kejì ló padà lọ mú sálúbàtà nínú bùútù. Tábìlì kan wà lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì abúlé, níbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní £8. Wọ́n fún wa ní máàpù tí wọ́n fi ọwọ́ yà, tí nọ́ńbà ilé kọ̀ọ̀kan wà lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ káàdì kò ṣiṣẹ́, torí náà ẹ mú kéèṣì dání.

Ilé àkọ́kọ́ tóbi, òdòdó róòsì gun ògiri bíríkì rẹ̀ dé abẹ́ òrùlé. Mo rò pé gbogbo nǹkan á pé pérépéré níbẹ̀, àmọ́ onílé fúnra rẹ̀ ló fi ẹ̀gbẹ́ ọgbà kan hàn wá tí kòkòrò ti jẹ ewé rẹ̀ tán, tó ku igi lásán. Kò fi pamọ́. Ìyẹn wú mi lórí. Ilé kejì jẹ́ kóríko rẹpẹtẹ, a ò pẹ́ níbẹ̀.

Ilé kẹta ni mo fẹ́ sọ. Ilé kékeré ni, ti màmá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó jókòó sórí àga lẹ́bàá ilé gíláàsì rẹ̀, ó ní ká máa pe òun ní orúkọ òun. Ẹnu mi kò gbà á. "Mà" ni mo ń pè é títí a fi kúrò níbẹ̀. Ó fi òdòdó kan tí wọ́n ń pè ní foxglove, tó ti ń gbó sí irúgbìn, hàn wá, ó kìlọ̀ pé májèlé ni, ká má fọwọ́ kàn án. Mo sọ fún un pé mo mọ ọmọ ìyá rẹ̀: láti ara irú ewéko yìí ni wọ́n ti ń rí digoxin, oògùn ọkàn tí mo máa ń fún àwọn àgbàlagbà mi. Inú rẹ̀ dùn, ó dìde, ó ní ká wá wo ajílẹ̀ òun.

Àpótí pákó mẹ́ta ni. Tuntun wà nínú ọ̀kan, èyí tó ń jẹrà wà nínú ìkejì, nínú ìkẹta ni èyí tó ti di ilẹ̀ dúdú wà. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó sì dà á sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo gbé e sí imú, abẹ́ kòkó bàbá mi ló ń rùn sí mi yẹn, lẹ́yìn òjò, ibi tí ewé tó rẹ̀ ti bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀. N kò gbóòórùn rẹ̀ láti ọdún tí mo ti kúrò nílé.

Nínú ilé gíláàsì ni Ìyá Ìbejì ti kígbe pè mí. "Àbúrò mi, wá wo tẹ̀tẹ̀!" Lóòótọ́, tẹ̀tẹ̀ pupa wà nínú ìkòkò bíi mẹ́wàá. Màmá ní òdòdó rẹ̀ tó máa ń gùn wálẹ̀ bí ìrù lòun ń gbìn ín fún, òun ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń jẹ ẹ́. A ṣàlàyé ata, irú, epo àti ẹja gbígbẹ fún un. Ìyá Ìbejì ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Mo gbìyànjú láti túmọ̀ rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì mi kò gbé e, nítorí inú orúkọ ewé náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún wà.

Nígbà náà ni mo sọ ti Àǹtí fún un. Kò sọ pé ó ṣe òun láàánú tàbí kí n gba kámú. Ó béèrè pé kí ni wọ́n ń fẹ́ jẹ ní ìparí. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni. Mo sè é, ṣíbí méjì ni wọ́n lè jẹ.

Ó mú ìkòkò méjì nínú tẹ̀tẹ̀ náà, ó ní kí n máa gbé wọn lọ. Kò gba owó, nítorí náà mo fi £5 sínú àpótí tó wà lẹ́nu géètì. Ẹ rántí èyí o: ẹ má já ewé, ẹ má gé ẹ̀ka láti lọ gbìn bí wọn ò bá fún yín. Kí ẹ sì ti gbogbo géètì padà bí ẹ ṣe bá a.

Ọgbà mẹ́ta tó kù dára, pàápàá èyí tí odò kékeré kọjá nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti kún. A mu tíì nínú gbọ̀ngán abúlé, níbi tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ti to kéèkì tí wọ́n yan láti ilé wọn sórí tábìlì, tí wọ́n ń sáré bu fún èrò bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń ṣe nídìí ìnáwó. Owó kéèkì náà, inú àpótí kan náà ló lọ.

Mo kó tẹ̀tẹ̀ méjèèjì sórí bákónì mi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta wọ́n ti ga dé orókún mi. Ìyá Ìbejì ní kí n já orí wọn kí wọ́n lè pẹ̀ka, mo sì já a lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo fi irú àti epo díẹ̀ sè é. Kò kún abọ́ kékeré kan. Mo jẹ ẹ́ tán lórí ìdúró, nídìí fèrèsé.