Awọ bí epo lójú omi iyọ̀ tuntun: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo ti da omi iyọ̀ sínú àpótí ẹja tuntun. Òkúta àti iyanrìn nìkan ló wà níbẹ̀, mi ò tíì kó ẹja sí i. Láti ìjẹta ni nǹkan kan ti bo ojú omi bí ẹni da epo sí i, ó sì ń dán tí iná bá tàn sí i. Ṣé kí n da omi náà nù ni?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á nù. Kì í sábà jẹ́ epo gidi. Prótíìn àti ọ̀rá ni, èyí tó pọ̀ jù lára rẹ̀ sì ń wá láti ara àwọn ohun kéékèèké tó kú sórí òkúta. Wọn kì í fẹ́ bá omi pò, nítorí náà wọ́n á gòkè lọ síbi tí omi ti pàdé afẹ́fẹ́, bakitéríà á sì wá bá wọn níbẹ̀. Bí ojú omi bá ń mì dáadáa, wọn ò ní ráyè kóra jọ. Ìyẹn ni pé ojú omi yín dákẹ́ jù.

Ẹ ṣì ráyè nítorí pé kò tíì sí ẹja níbẹ̀, àmọ́ ẹ má gbàgbé rẹ̀. Ojú omi ni ọ́síjìn ń gbà wọlé, awọ yẹn sì ń dínà mọ́ ọn. Omi iyọ̀ fúnra rẹ̀ kì í gba ọ́síjìn tó omi tí kò níyọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni bakitéríà tó ń palẹ̀ amóníà (májèlé tó ń jáde lára ohun tó ń jẹrà àti ìgbẹ́ ẹja) mọ́ nílò rẹ̀ gan-an.

Ìbéèrè: Ṣùgbọ́n pọ́ńpù méjì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì lágbára.

Ìdáhùn: Ibo ni wọ́n kọjú sí? Bí ìsàlẹ̀ ni, òkè lè dákẹ́ bí adágún. Ẹ gbé ẹnu ọ̀kan sókè díẹ̀ títí ojú omi á fi máa mì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìta jáde. Ẹ wá wo iyanrìn: tí ìmọ́lẹ̀ bá ń jó lórí rẹ̀, ó ti tó. Bí omi bá ń ta jáde, iyọ̀ á gbẹ sára etí àpótí àti iná, iṣẹ́ míì nìyẹn.

Ìbéèrè: Mo tún ní skimmer, ẹ̀rọ tó ń fi ìfófòó kó ìdọ̀tí kúrò nínú omi. Kí ló dé tí kò kó o?

Ìdáhùn: Ohun tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ló lè kó. Bó bá ń fa omi láti ìsàlẹ̀, awọ òkè ò kàn án. Ojú omi gan-an ló yẹ kó máa ṣàn wọ ihò tó ń lọ sọ́dọ̀ skimmer. Ẹ ní sùúrù pẹ̀lú, nítorí skimmer tuntun lè lo ọjọ́ mélòó kan kí ìfófòó rẹ̀ tó dúró dáadáa.

Ìbéèrè: Kí ni mo lè ṣe lónìí?

Ìdáhùn: Ẹ pa pọ́ńpù, kí omi sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ mú bébà ìnuwọ́ funfun tí kò lóòórùn, ẹ tẹ́ ẹ lé ojú omi láti ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ jẹ́ kó rin, kí ẹ wá fà á sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹ óò rí i tí awọ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ mú òmíràn, ẹ tún un ṣe. Kẹ́míkà kankan ò wúlò níbí.

Ìbéèrè: Bó bá tún padà ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ wá ibi tó ti ń wá. Nínú àpótí mi àkọ́kọ́, ìpara ọwọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń wá a. Lọ́fínńdà tí wọ́n fín nínú yàrá àti èéfín epo dídín náà máa ń balẹ̀ sójú omi. Ẹ fi omi lásán ṣan ọwọ́ dáadáa kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ inú omi. Ẹ pààrọ̀ omi tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, kí omi iyọ̀ tuntun náà wà ní nǹkan bí 1.025 lórí ohun tí a fi ń wọn ìwúwo omi iyọ̀ (specific gravity).

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíì: Àpótí tèmi ti ní ẹja, wọ́n sì ń gbẹ́nu sókè lójú omi.

Ìdáhùn: Ẹ má fi falẹ̀ rárá. Ẹ kọ ẹnu pọ́ńpù sókè báyìí, ẹ fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi kún un bí ẹ bá ní in, kí ẹ wá yẹ amóníà wò.